Àwọn Ajá Tó Kù ní Imnaq

Àbúrò mi Imina nìkan ló ṣì ní ajá ní Imnaq, abúlé wa létí òkun oníyìnyín. Gbogbo àwa yòókù ti yìnbọn pa tiwa. Ẹ má fi ojú ìkà wò wá. Ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé lé itan nínú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fún ní bisikíìtì. Ẹran ló ń jẹ, ẹran gidi, ó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ayé. Láyé bàbá wa, òkun á ti dì gbagidi kí ọdún tó parí, a ó so ajá mọ́ ọkọ̀, a ó gba orí yìnyín lọ bá ẹran níbi tó wà. Ní báyìí, ọdún tuntun á dé, omi á ṣì máa rú, bó bá sì pàpà dì, ìjì kan ṣoṣo tó láti fọ́ ọ dànù. Ọkùnrin tí kò rí yìnyín rìn kò lè rí ẹran pa. Ajá tí kò rí ẹran jẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ọkọ mi, kó tó kú, gbé ìbọn jáde lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó parí tiwa, ó wọlé, ó ní kí n fún òun ní kọfí. A ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Imina kọ̀ jálẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ajá gbá a lẹ́nu.

"Bí mo bá pa wọ́n, kí ni kí n máa pe ara mi, Ẹ̀gbọ́n?" ló máa ń bi mí. "Ẹni tó ń wo òkun lójú fèrèsé?"

"Wá máa bá mi rán bàtà awọ," èmi á dáhùn. "Ọwọ́ ẹ ò yá, ṣùgbọ́n mo lè lù ọ́ títí á fi yá."

Á rẹ́rìn-ín, á jáde lọ bá àwọn ajá rẹ̀. Mo sọ fún yín pé kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ láyé ju kí àwọn ajá wọ̀nyẹn rí oúnjẹ jẹ títí oòrùn ìgbà ooru á fi dé. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ òkun méjì ló kó wa sí wàhálà. Ọ̀kan pupa, èkejì láwọ̀ eérú. Orílẹ̀-èdè ńláńlá ló ni wọ́n, mi ò sì ní dárúkọ wọn, torí pé rédíò ń pe orúkọ wọn láràárọ̀ ju bí àlùfáà wa ṣe ń pe orúkọ Jésù lọ. Ọlọ́kọ̀ Pupa àti Ọlọ́kọ̀ Eérú là ń pè wọ́n ní tiwa. Nígbà tí yìnyín nípọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a wà láyé. Ìgbà tó di tín-ín-rín ni ojú wọn là sí wa. Wọ́n ní àlùmọ́ọ́nì kùsà tó níye lórí wà lábẹ́ òkè wa. Wọ́n ní ọ̀nà tuntun ti ṣí fún ọkọ̀ láti gba òkè àríwá ayé kọjá. Ọlọ́kọ̀ Pupa sọ pé ẹ̀kọ́ nípa ìsàlẹ̀ òkun ló gbé òun wá. Ọlọ́kọ̀ Eérú sọ pé òun wá wo ohun tí Ọlọ́kọ̀ Pupa ń kọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá gbà, wọ́n á máa fọ́ yìnyín, torí irin tó wà ní imú ọkọ̀ wọn lè fọ́ ilé ìjọsìn wa sí méjì.

Àwọn méjèèjì pe ìpàdé ní gbọ̀ngán abúlé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Ọlọ́kọ̀ Eérú ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí etí rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. Ọmọbìnrin kan, ará Nuuk, olú ìlú wa, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

"A wá dáàbò bò yín," ni ọ̀gá náà wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?" Jeremias ló béèrè. Ẹgbẹ́ mi ni Jeremias. Ọdẹ òkun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ti fi í ṣe ẹni tó ń mú ajá tó bá já okùn. Nígbà tí ajá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ni wọ́n fún un níṣẹ́ yẹn, a sì ń pè é ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá Ajá.

"Lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ pupa," ọ̀gá náà dáhùn.

"Háà! Àwọn yẹn wá síbí náà o. Kéèkì ni wọ́n gbé wá. Kéèkì tiyín dà?"

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ògbufọ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun túmọ̀ ẹ̀ tàbí kí òun dákẹ́.

"Jeremias, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre," ni mo wí. "Ṣé o ò rí i pé etí ẹ̀ ti fẹ́ já bọ́ ni?"

Ìgbà náà ni Imina dìde. Kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, nítorí náà gbogbo wa dákẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní," ó wí. "Erékùṣù tẹ́ ẹ rí lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ẹran aaveq mi wà níbẹ̀." Aaveq ni ẹran òkun ńlá eléyín gígùn tí ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ lè bọ́ ajá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. "Mo pa á nígbà ooru, mo fi òkúta bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Òun làwọn ajá mi máa jẹ. Ẹ̀yìn erékùṣù lẹ gbà wọlé. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìn yẹn náà jáde. Ẹ má gba àárín àwa àti erékùṣù kọjá. Orí yìnyín yẹn lèmi ń gbà."

Ọ̀gá náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó mi orí sókè sódò. Ó ní kò sí wàhálà rárá. Ó bọ Imina lọ́wọ́, ẹnì kan sì ya wọ́n ní fọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìsọ fẹ́nikẹ́ni, Ọlọ́kọ̀ Pupa kàn yí imú padà, ó sì gba àárín àwa àti erékùṣù. Kò pẹ́ tí Ọlọ́kọ̀ Eérú rí i, òun náà tẹ̀ lé e. A dúró sórí òkè, à ń wò wọ́n. Ẹ ò lè mọ bí igbe yìnyín tó ń ya ṣe rí bí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí. Ìyàwó Imina, Bibiane, di apá mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi lọ tán. Ojú omi dúdú gbọọrọ ló kù lẹ́yìn wọn, ó nà tàntàn láti etí òkè kan dé èkejì, kò sì síbi téèyàn lè gbà yí i po.

"Wọ́n gbàgbé ni," Imina wí.

"Gbàgbé kọ́," mo dáhùn. "Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ló ń gbàgbé ẹ̀. Orí ló mì fún ẹ, orí lásán!"

Imina ń wo àwọn ajá rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ojú omi náà tún dì. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Àfọ́kù yìnyín àtijọ́, èyí tó nípọn bí ògiri, ló ń léfòó káàkiri nínú ẹ̀. Omi àárín wọn dì, ó fẹ́lẹ́. Òjò dídì sì wá bọ́, ó bo gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá wò ó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun báláú. Kò sí nǹkan tó fi yàtọ̀ sí èyí tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Imina ń dúró kí òtútù gidi dé, kí ibẹ̀ le. Òtútù náà dé díẹ̀, ó tún lọ. Ẹran ilé tán. A fún un ní orí ẹja, a fún un ní awọ séèlì, ẹran òkun tó kéré sí aaveq, tí mo fẹ́ fi rán bàtà, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sè é fún wọn. Àwọn ajá kò gbó mọ́. Wọ́n kàn ń wò ó bó bá ń kọjá. Bibiane sọ fún mi pé ọkọ òun ti ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ jáde sínú òtútù, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ìta lòun fẹ́ jẹun nínú ẹ̀. Ajá ló ń fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Jeremias lọ mu kọfí nílé wọn. Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún yín nípa wa. Láàárín àwa, ẹnì kan kì í sọ fún àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé má ṣe é, má lọ. Àbùkù ńlá ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹ sọ fún ọkùnrin pé kò lórí. Ẹ lè yí ọ̀rọ̀ po, ẹ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fẹ́ ṣe, tirẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a ò sì mọ ọ̀nà mìíràn.

"Kọfí yìí le," Jeremias wí. "Ó le ju yìnyín ojú ọ̀nà ọkọ̀ yẹn lọ."

"Ìyàwó mi, ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ọ́?" Imina wí.

"Mo gbọ́," Bibiane dáhùn. "Èmi kọ́ ló ń bá wí."

Imina wo ojú fèrèsé. "Ó jọ pé ojú ọjọ́ á dáa lọ́la."

"Á dáa," mo gbà. "Àmọ́ ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí báyìí, èmi kì í jìnnà sílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yín ti ń dùn yín kí wọ́n tó bí mi."

A rẹ́rìn-ín. Bibiane kò rẹ́rìn-ín. Ó bu kọfí kún ife ọkọ rẹ̀, ó ń bù ú títí ó fi dà sórí tábìlì, kò sì nù ún.

"Mà á mú ọ̀pá mi dání," Imina wí, bí ẹni pé a ti bi í léèrè. "Ọ̀pá á sọ fún mi."

Gbogbo wa la mọ ọ̀pá. Ọ̀pá gígùn ni, irin mímú wà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá gún yìnyín tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, padà sílé. Bó bá gbà ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ lè kọjá. Bí kò bá wọlé rárá, tìwọ tajá tẹrù lè kọjá. Bàbá wa fi kọ́ wa nígbà tí a ò tíì mọ̀wé kà, bàbá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ọ̀pá tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí Imina dárúkọ ọ̀pá, ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Mo lọ sílé lọ sùn.

Ó lọ láàárọ̀. Àwọn ajá rẹ̀ rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n tẹ orí ba. Èmi àti Bibiane dúró létí omi, a wò ó bó ṣe dé ojú ọ̀nà ọkọ̀ yẹn, tó sọ̀ kalẹ̀, tó ń gún ibí, tó ń gún ọ̀hún, tó sì kọjá. Bibiane mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti kọjá, Àǹtí." Mo ní, "Mo rí i. Ṣé mo fọ́jú ni?" Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: olórí kunkun, aláìléyín, ẹni tí ajá ń darí. A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, èmi àti Bibiane, a padà sílé, mo sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí rán ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àwọn ajá padà dé láìsí ọkọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n ń bọ̀ lórí yìnyín ní ọ̀wọ́, wọn ò sáré, àwọn ọ̀já ìfà ṣì wà lára wọn, wọ́n ń wọ́ okùn nílẹ̀. Wọ́n wá sí ipò wọn lẹ́yìn ilé, kálukú síbi tí wọ́n máa ń so ó mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé okùn ọ̀kan. Wọn ò fi eyín gé e, kò sì já. Ọ̀bẹ ló gé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rì, ó máa ń fa àwọn ajá tẹ̀ lé ara rẹ̀ ni, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, àyàfi bí ẹnì kan bá gé okùn wọn kúrò lára ọkọ̀. Ẹni tó bá wà nínú omi yẹn ò ní àkókò púpọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi ṣiṣẹ́. Ó lè fi ọ̀bẹ gún yìnyín kó fi fa ara rẹ̀ jáde. Tàbí kó fi gé okùn.

Bibiane jáde. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sínú òjò dídì, ó sì gbé orí ajá tó ń ṣáájú sórí itan rẹ̀.

Ikùn wọn rí róbótó. Imina ti dé ibi ẹran, ó ti bọ́ wọn yó níbẹ̀ kó tó di ẹrù. Wọ́n ká kò, wọ́n ń sùn, ọ̀kan ń hanrun. Mo kórìíra wọn. Mi ò tíì kórìíra nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Jeremias àti àwọn ọkùnrin tó kù gun alùpùpù orí yìnyín lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ihò ti ń dì padà nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ọkọ̀ ajá ti lọ, ẹran ti lọ, Imina ti lọ. Ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n rí, ó dúró ṣánṣán, omi tó dì ti di ẹnu irin rẹ̀ mọ́ ojú yìnyín. Jeremias gbé e wá fún mi, ó sì sọ bọ́rọ̀ ṣe rí, omijé ń dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó gún un, Tukumek. Ó gún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àfọ́kù àtijọ́ kan ló gún, ó nípọn tó gíga èmi àti ìwọ. Irin ò wọlé rárá. Ó ní ibẹ̀ le, ó pe àwọn ajá. Ẹsẹ̀ kan péré sí ibi tó gún, omi ni. Omi tí òjò dídì bò. Èmi náà ìbá ti kọjá níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, èmi náà ìbá ti kọjá."

Ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn là ló sọ ọ̀pá di òpùrọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó sì ń dùn mí di òní: àbúrò mi ò ṣàṣìṣe kankan, bí bàbá wa ṣe kọ́ ọ ló ṣe.

Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ méjèèjì wá kí opó. Hẹlikópútà wọn balẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé bí èyí ṣe gbọ́ pé tọ̀hún ń bọ̀ ló gbéra. Ní tiwa, ẹni tó bá wọlé, kọfí ni wọ́n máa fún un, nítorí náà àwọn méjèèjì jókòó lórí àga gígùn kan ṣoṣo nílé Bibiane, orúnkún wọn ń kan ara wọn, kálukú pẹ̀lú ife lọ́wọ́ kan àti máàpù òkun lọ́wọ́ kejì. Ọmọbìnrin ará Nuuk ń túmọ̀ fún wọn.

"Inú wa bàjẹ́ gidigidi," ni Ọlọ́kọ̀ Eérú wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó níbí, àwọn ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀."

"Ojú ọ̀nà tiwa tín-ín-rín," ni Ọlọ́kọ̀ Pupa dáhùn. "Àwọn tó tẹ̀ lé wa ló fẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ ò bá lọ, ta ni a fẹ́ tẹ̀ lé?"

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀ gbàà.

"Ẹ gbọ́," mo wí. "Ọmọ mi, túmọ̀ ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́, má fi iyọ̀ sí i, má yọ iyọ̀ kúrò. Òkun wa, èyí ní tòun ni, tọ̀hún ní tòun ni. Òkè wa, ẹ̀ ń jà sí i. Omi, afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kò sóhun tẹ́ ò dù. Òkú wa nìkan ni kálukú ń tì sí ìkejì rẹ̀. Ẹ du òun náà ná!"

Ọmọbìnrin náà túmọ̀ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo inú ife.

Bibiane ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò bá yín jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ọkọ mi kú kí àwọn ajá yẹn má bàa kú. Ẹ bá mi bọ́ wọn."

Ojú àwọn méjèèjì tàn. Nǹkan tí wọ́n lè ṣe nìyí. Ọlọ́kọ̀ Pupa ṣèlérí oúnjẹ ajá, Ọlọ́kọ̀ Eérú ṣèlérí ìlọ́po rẹ̀. Wọ́n ní hẹlikópútà kéré, ọkọ̀ òkun ló máa gbé e wá.

"Ọkọ̀ kẹ̀?" Jeremias fò dìde. "Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ wọ iwájú abúlé! Àwọ̀n séèlì wa wà lábẹ́ yìnyín yẹn. Òun nìkan ló kù fún wa. Ohun tó bá mú ni ajá ń jẹ, òun làwa náà ń jẹ. Bẹ́ ẹ bá fọ́ yìnyín náà, kò ní dì mọ́ lọ́dún yìí, oòrùn ti padà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé títí a ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo wo orí méjèèjì bó ṣe ń mì, mo sì rántí èyí tí ọ̀kan ti mì fún Imina.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a gbìyànjú. Èmi àti Bibiane ń yẹ àwọ̀n wò láràárọ̀. Ọjọ́ tí séèlì kan bá wà nínú ẹ̀, àwọn ajá á jẹun. Jeremias ń mú tirẹ̀ wá, ó ń sọ pé Ọ̀gá Ọlọ́pàá ló ń bọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Mo ti bọ́ nínú ìkórìíra mi. Bibiane tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ kì í sún mọ́ ajá wá mọ gbogbo wọn lórúkọ, ó mọ èyí tó ń jalè, ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù ìjì. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n rù, ṣùgbọ́n wọ́n yè.

Ìlérí yẹn ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹnì kan sọ fún Ọlọ́kọ̀ Eérú pé Ọlọ́kọ̀ Pupa ti ń di ẹrù oúnjẹ ajá. Ọlọ́kọ̀ Eérú ò fẹ́ kí tọ̀hún ṣáájú. Bí a ṣe jí láàárọ̀, ọkọ̀ méjèèjì ló ń bọ̀ wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ dé. Jeremias sá jáde sórí yìnyín, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi pin. Àwọn tó wà lórí ọkọ̀ ń ju ọwọ́ sí i padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé ó ń kí wọn káàbọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin lọ fà á sẹ́yìn kí yìnyín tó ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àwọ̀n wa lọ sísàlẹ̀ lójú wa báyìí.

Wọ́n já àpò oúnjẹ sílẹ̀ létí omi, àpò tí àsíá èyí wà lára ẹ̀ lápá ọ̀tún, àpò tí àsíá tọ̀hún wà lára ẹ̀ lápá òsì. Wọ́n ya Bibiane ní fọ́tò pẹ̀lú àwọn ajá, kò dá wọn dúró, kò sì wo ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ. Ìyẹn nìgbà ìkẹyìn tá a rí wọn. Rédíò sọ pé wọ́n ti rí kùsà tó dáa ju tiwa lọ níbòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn fa wàhálà báyìí.

Àwọn ajá jẹ oúnjẹ àpò títí ó fi tán. A ò yára fún wọn; ìwọ̀nba la ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ó tán. Omi iwájú ilé kò dì mọ́. Àfọ́kù yìnyín kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọkọ̀ kékeré ò lè kọjá, ẹsẹ̀ ò sì lè rìn ín. A ń wo séèlì tó ń yọ orí níbi tí ìbọn wa ò dé. Ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá sí ṣọ́ọ̀bù ò ní í dé títí ìgbà ooru. Ọ̀kan nínú àwọn ajá jẹ èkejì rẹ̀ tó kéré jù.

Bibiane wá bá mi pẹ̀lú ìbọn Imina lọ́wọ́.

"Jeremias lè bá ẹ ṣe é," mo wí. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Wọn ò já okùn, Àǹtí. Wọn ò ṣẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló máa pa wọ́n." Ó ń ki ọta sínú ìbọn. "Ẹni tó ni ajá ló ń pa ajá rẹ̀. Èmi ni mo ni wọ́n báyìí. Ẹ bá mi dì wọ́n mú."

Kí a lè mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn àpáta, a ní láti wọ ọ̀já ìfà fún wọn. Mo gbé ọ̀já àkọ́kọ́. Ajá tó rí i dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó gbó. Àwọn yòókù dìde, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, wọ́n ń fò, wọ́n ń na ọrùn wá sínú ọ̀já kí n tó nawọ́ sí wọn. Láti ìgbà tí Imina ti lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ọ̀já yẹn sí wọn lọ́rùn. Wọ́n rò pé à ń lọ sóde. Kálukú ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun ṣáájú.

A mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di ọ̀já mú, Bibiane yìnbọn. Kò ṣi ìbọn yìn rárá, kò yìn ín lẹ́ẹ̀mejì sí ọ̀kankan. Títí tó fi ku ẹyọ kan, èyí tó kù yẹn ṣì ń fò, ó ń fi imú ti ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, fóònù Bibiane dún nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin ará Nuuk náà ni. Ohùn rẹ̀ dùn, ọmọ dáadáa ni, kò mọ nǹkan kan. Ó ní fọ́tò tí wọ́n yà nígbà yẹn ti lọ káàkiri ayé, àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti ìlú tó jìnnà, wọ́n ń béèrè àwọn ajá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ṣì ń pa wọ́n.

Bibiane wo ẹ̀yìn ilé lójú fèrèsé.

"Sọ fún wọn pé ebi ò pa wọ́n mọ́," ó wí.

Ó gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbà náà ló tó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Imina ti kú. Ó sun ún tariwotariwo bí ọmọdé, mo sì jókòó tì í.